Ṣé Èyí Ti Tó, àbí Kí N Tún Bù Sí I? Ìwọ̀n Ṣámpú, Kọ́ńdíṣọ́nà, Òróró àti Jẹ́ẹ̀lì Tó Yẹ Irun Yín

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń kọ̀wé sí mi nípa irun. Ẹnì kan á ní òróró ń kán sí òun lọ́rùn, síbẹ̀ irun òun gbẹ bíi koríko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹlòmíràn á ní jẹ́ẹ̀lì ń ya èérún funfun sí òun léjìká. Ẹnìkẹta fọ orí, kò hó, ló bá da ìdajì ìgò lé e. Tẹ́ ẹ bá wá yí ìgò náà padà ka ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ni “ẹ lo ìwọ̀n tó yẹ.” Ìwọ̀n tó yẹ ta ni?

Ìdáhùn mi kò gùn: ẹ bù ú kéré sí bí ọkàn yín ṣe ń sọ, ẹ jẹ́ kí omi bá yín ṣe iṣẹ́ tó kù, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ síbi tí irun ti ń fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní nǹkan kan ò ṣiṣẹ́ lórí irun àwọn, ibi tí wọ́n fi í sí ni mo kọ́kọ́ máa ń béèrè, kí n tó béèrè bí wọ́n ṣe bù ú tó.

Kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò: ẹ mọ irú irun tó wà lórí yín

Gígùn nìkan kọ́ la fi ń díwọ̀n. Irun méjì lè dé èjìká, kí ọ̀kan sì máa mu ìlọ́po mẹ́ta ohun tí èkejì ń mu. Nígbà tí irun bá mọ́ tó sì gbẹ, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

1. Bí fọ́nrán kan ṣe nípọn tó. Ẹ mú fọ́nrán kan lára òòyà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e yí i síwá-sẹ́yìn. Tẹ́ ò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé nǹkan wà láàárín ìka yín, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ ní. Tó bá ń ta yín lọ́wọ́ dáadáa, ó nípọn.
2. Bó ṣe kún tó. Ẹ dúró níwájú dígí láìya irun. Tẹ́ ẹ bá ń rí awọ orí níbi púpọ̀, irun yín ò kún. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ yà á kẹ́ ẹ tó rí awọ, ó kún.
3. Bó ṣe ká tó. Awọ orí ń mú epo tiẹ̀ jáde. Lórí irun tó nà, epo yìí máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ títí dé ṣóńṣó. Lórí irun tó ká kókó, kì í rọrùn fún un láti gba gbogbo kọ́nà yẹn kọjá, ìdí nìyẹn tí ìsàlẹ̀ irun fi máa ń gbẹ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì ń dán.
4. Ohun tójú rẹ̀ ti rí. Irun tí wọ́n ti fi relaxer nà, tí wọ́n ti pa láró, tàbí tí irin gbígbóná ti ń kàn lemọ́lemọ́ máa ń fẹ́ kọ́ńdíṣọ́nà ju irun tí nǹkan kan ò ṣe lọ.

Ẹni tí irun rẹ̀ bá fẹ́lẹ́ tí kò sì kún, kó máa mú èyí tó kéré jù nínú àwọn ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá nípọn, tó kún, tó sì ká, kó mú èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ díwọ̀n ọwọ́ ara yín lẹ́ẹ̀kan péré

Àtẹ́lẹwọ́ ò tóbi bákan náà, torí náà “ẹ bu ìwọ̀nba sọ́wọ́” kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ẹ wá síríǹjì 5 ml tí kò ní abẹ́rẹ́, tàbí ṣíbí ìdíwọ̀n tó máa ń bá oògùn ọmọdé wá.

1. Ẹ fa ṣámpú 5 ml, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí àárín àtẹ́lẹwọ́ tó gbẹ. Ẹ wò ó: ibi tó fẹ̀ dé, bó ṣe ga sí.
2. Ẹ fi 5 ml mìíràn kún un. 10 ml nìyẹn. Ẹ tún wò ó.
3. Ẹ ṣan ọwọ́, ẹ nù ún, kẹ́ ẹ wá tẹ òróró 1 ml sí i. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì pa á. Ẹnu á yà yín: gbogbo àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì àti àárín ìka ló máa dán.
4. Tó bá jẹ́ ìgò onítẹ̀lórí ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ṣíbí náà, kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tó fi pé 5 ml. Ìgò kan lè tú 1 ml jáde lẹ́ẹ̀kan, kí òmíràn tú ìlọ́po méjì rẹ̀, nítorí náà “ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń tẹ̀ ẹ́” kò ṣeé gbé látorí ìgò kan lọ sí èkejì.

Láti ọjọ́ náà lọ, ojú yín á ti mọ̀ ọ́n. Ẹ lè gbé síríǹjì sílẹ̀.

Ìwọ̀n tẹ́ ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, fún odindi orí

- Ṣámpú: irun tó gé mọ́lẹ̀, 3 sí 5 ml. Irun tó dé ọrùn tàbí èjìká, 5 sí 10 ml. Èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ tàbí tó kún gan-an, 10 sí 15 ml.
- Kọ́ńdíṣọ́nà tí a máa ń ṣàn kúrò: irun kúkúrú, 5 ml. Dé èjìká, 10 sí 15 ml. Irun gígùn tó ká tó sì kún, 20 sí 30 ml.
- Leave-in, èyí tí a kì í ṣàn kúrò: irun fẹ́lẹ́, 1 sí 2 ml. Irun tó mọ níwọ̀n, 3 sí 5 ml. Irun kókó tó kún, 10 ml tàbí kó lé díẹ̀.
- Òróró: irun fẹ́lẹ́, ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta. Irun kókó tó gùn, kó má kọjá 5 ml.
- Jẹ́ẹ̀lì: irun kúkúrú, 2 sí 3 ml. Dé èjìká, 5 sí 10 ml. Irun kókó tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbẹ pẹ̀lú bó ṣe ká, 15 ml sókè.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nìyí o. Irun yín ló máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí.

Ṣámpú: awọ orí ló ni ín

Níbí ni mo ti ń rí ìnákúnàá jù lọ.

1. Ẹ jẹ́ kí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣàn sí irun fún odindi ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Irun tó kún máa ń tan èèyàn jẹ: òkè rẹ̀ á ti tutù rinrin, awọ orí á ṣì gbẹ. Ẹ ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí i dájú.
2. Ẹ bu ìdajì ìwọ̀n yín sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ kán omi sí i, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì pa á títí tó fi máa ṣàn. Ṣámpú tó bá ki bó ṣe jáde nínú ìgò kì í kúrò níbi tọ́wọ́ bá kọ́kọ́ gbé e sí. Àárín orí á gba gbogbo rẹ̀, ìpàkọ́ ò ní rí nǹkan kan.
3. Ẹ fi orí ìka ra á sí awọ orí. Ẹ má lo èékánná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́, ẹ lọ sẹ́yìn etí, kẹ́ ẹ wá fi àárín àti iwájú kẹ́yìn.
4. Tí kò bá hó, ẹ má tíì na ọwọ́ sí ìgò. Ẹ kọ́kọ́ bu omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ tún ra á. Epo àti ìdọ̀tí tó wà lórí ló máa ń pa ìhó, nítorí náà ọṣẹ lè máa ṣiṣẹ́ lọ láìhó.
5. Ẹ ṣan án. Tí orí bá ṣì ń yọ̀ fún epo, ẹ fi ìdajì tó kù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ óò rí i pé ìdajì kejì yìí hó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n kan náà ni.
6. Ẹ má fi ṣámpú ra ìsàlẹ̀ irun. Èyí tó ń ṣàn kọjá lórí rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣan án ti tó.

Ẹni tí kò fi jẹ́ẹ̀lì tàbí ìpara sórí láàárín ọ̀sẹ̀ lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kó dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣámpú tí kò ní sulfate, ìyẹn èròjà tó ń mú ọṣẹ hó, kì í hó púpọ̀ látilẹ̀wá. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí irú rẹ̀, ẹ má fi ìhó ti tẹ́lẹ̀ díwọ̀n tuntun, ẹ ó kàn máa da ìgò nù ni.

Ti iye ìgbà náà ò ṣeé fò dá. Àjọ àwọn dókítà awọ ara ti Amẹ́ríkà, American Academy of Dermatology, gba àwọn aláwọ̀ dúdú tí irun wọn ká kókó nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì. Ẹni tí irun rẹ̀ nà, tí orí rẹ̀ sì tètè máa ń lépo, lè fọ̀ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti kéré.

Kọ́ńdíṣọ́nà: ìsàlẹ̀ irun ló ni ín

Bí àwọn èèyàn ṣe ń ná ṣámpú ní ìná-àpà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣahun kọ́ńdíṣọ́nà síbi tó yẹ, tí wọ́n á wá kó o lé àtàrí tí kò bẹ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ la ti máa mọ ìdí tí àpọ̀jù rẹ̀ ò fi wúlò. Irun tó tutù ní charge (agbára iná) negative, pàápàá níbi tó ti ṣá. Èròjà tó ń mú irun rọ̀ nínú kọ́ńdíṣọ́nà ní charge positive, méjèèjì á sì fà mọ́ra. Tí ojú ibi tó lè lẹ̀ mọ́ bá ti kún, ìyókù á bá omi lọ. Ṣíbí kẹta kò lè ṣe ohun tí èkejì ti ṣe tán.

1. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ṣan ṣámpú, ẹ fún omi inú irun dànù. Irun kò gbọdọ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n kó má máa kán tótó. Omi tó bá pọ̀ jù á gbé kọ́ńdíṣọ́nà ṣàn lọ kó tó lẹ̀.
2. Ẹ pín irun sí mẹ́rin. Èyí tó kún gan-an, ẹ pín in sí mẹ́jọ.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó. Irun ń hù ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, torí náà ṣóńṣó irun tó gùn tó 30 cm ti lò tó ọdún méjì àbọ̀ nínú oòrùn, òòyà àti ọṣẹ. Ibẹ̀ ni ebi ń pa jù.
4. Ẹ máa bá a gòkè bọ̀, kẹ́ ẹ dúró nígbà tó bá ku nǹkan bí ìka mẹ́ta kẹ́ ẹ dé awọ orí. Irun tó gé mọ́lẹ̀ ò ní àyè bẹ́ẹ̀, ẹ kàn fọwọ́ tó ní kọ́ńdíṣọ́nà pa á lórí fẹ́ẹ́rẹ́.
5. Ẹ fi òòyà eléyín gbàǹgbà ya ìpín kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òòyà yìí ni ìwọ̀n yín gan-an. Tó bá kọjá wẹ́rẹ́, ó ti tó. Tó bá há, ibi tó há sí nìkan ni kẹ́ ẹ fi kún, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ odindi orí.
6. Ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta tó fún èyí tó wà fún ojoojúmọ́. Èyí tó jẹ́ ti ìtọ́jú jíjinlẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà lára rẹ̀. Kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú 30.
7. Ẹ ṣan án. Tó bá jẹ́ irun fẹ́lẹ́, ẹ ṣan án títí tí kò fi ní yọ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ irun kókó, ó lè ku díẹ̀ tó ń yọ̀ lọ́wọ́.

Àwọn kan máa ń fi í sùn mọ́jú kó lè “wọlé dáadáa.” Mi ò rí èrè kankan níbẹ̀. Irun máa ń wú nígbà tó bá wà nínú omi, wíwú àti gbígbẹ lemọ́lemọ́ sì ń kó àárẹ̀ bá a.

Leave-in, ìpara àti òróró

Ẹ jẹ́ ká yanjú èyí ná: òróró kò ní omi nínú. Tẹ́ ẹ bá fi í sórí irun tó gbẹ gan-gan, gbígbẹ yẹn náà lẹ tì mọ́nú. Omi tàbí leave-in ló ń mú irun tutù, òróró wá ń bò ó kó má tètè gbẹ. Ẹni tó ń kún òróró lójoojúmọ́ tí irun rẹ̀ ṣì ń gbẹ, omi ló ń wá.

1. Ẹ fi leave-in sí irun tó ṣì tutù. Lórí irun tutù, ìdajì ìwọ̀n máa ń ṣe iṣẹ́ odindi, torí omi ń bá yín tàn án kálẹ̀.
2. Tẹ́ ẹ bá ń lo ìpara tó ki, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tó mọ́ bù ú nínú agolo, ẹ pa á lọ́wọ́ títí tó fi yọ́. Orí ìka kan tó fún ìdá kan nínú mẹ́rin orí.
3. Òróró ló kẹ́yìn. Ẹ pa á lọ́wọ́ títí tí ọwọ́ fi ń dán láìkán.
4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ àti ẹ̀yìn orí, lọ́dọ̀ ṣóńṣó. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ fi pa iwájú. Ibi tọ́wọ́ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ló máa ń gbà jù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ni iwájú orí wọn fi máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Ẹ ṣọ́ra: tí orí bá ń yún yín, tí èérún funfun sì ń gbọ̀n jáde, ẹ má rò pé òróró púpọ̀ ló máa wò ó. Kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Malassezia wà lórí awọ wa, epo ló ń jẹ, ó sì wà lára ohun tó ń fa dandruff. Tẹ́ ẹ bá ń da òróró lé e, oúnjẹ lẹ gbé fún un. Bákan náà, ìpara àti òróró tó bá ń ṣàn wá síwájú orí máa ń fa irorẹ́ sí iwájú orí àti ẹ̀bá etí. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ìlà tí irun ti bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ẹ̀lì, fóòmù àti sípíréè

Èérún funfun tí jẹ́ẹ̀lì ń ya kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ nítorí pé ó pọ̀. Nígbà mìíràn, jẹ́ẹ̀lì àti leave-in yín ni ò gba ara wọn. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó fi sórí: ẹ kán leave-in díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ kán jẹ́ẹ̀lì lé e, ẹ fi ìka kan po ó pọ̀. Tó bá dàpọ̀ ṣìnkìn, kò séwu. Tó bá ń di hóró-hóró, tàbí tó ń ya bíi wàrà tó dì, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè dín in kù tí kò ní ya.

Fún jẹ́ẹ̀lì:

1. Irun tó tutù ni. Tó bá ti ń gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i.
2. Ìpín-ìpín lẹ máa fi í sí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fà á wálẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó.
3. Tí irun bá ń dún pìṣì-pìṣì tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́, ó ti tó. Tẹ́ ẹ bá ń rí jẹ́ẹ̀lì funfun tó dúró lórí rẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fọwọ́ tutù gbé e lọ sí ìpín tó kàn.
4. Ẹ má fọwọ́ kàn án títí tó fi máa gbẹ pátápátá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kẹ́ ẹ fún un díẹ̀díẹ̀ kí líle rẹ̀ lè fọ́.

Èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ irun iwájú orí mọ́lẹ̀, orí ìka ọmọńdinrín kan ti pọ̀ tó fún iwájú àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kíkún tòní lórí tàná láìfọ̀ ọ́. Ó máa ń dì gbagidi, èèyàn á wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì fà á tagbára-tagbára, irun iwájú orí tó fẹ́lẹ́ jù lọ ló sì máa fi orí fá a.

Fóòmù ń tan ojú jẹ torí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó tó ẹyin kan lọ́wọ́ kéré lórí, torí náà ẹ lè lo méjì sí mẹ́ta fún irun tó dé èjìká.

Sípíréè, ẹ jẹ́ kó jìnnà sórí tó 20 sí 30 cm, kọ́wọ́ yín má sì dúró sójú kan. Tó bá sún mọ́ jù, ojú kan á tutù, á sì le. Èyí tó wà nínú agolo afẹ́fẹ́ lè gbaná: ẹ má fọ́n ọn nítòsí iná, àbẹ́là tàbí ẹni tó ń mu sìgá, ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé irin gbígbóná.

Ohun tó ń dáàbò bo irun lọ́wọ́ ooru yàtọ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ pé kẹ́ ẹ má ṣahun, kó kan gbogbo fọ́nrán, àmọ́ kó fẹ́lẹ́. Ẹ wọ́n ọn sí ìpín-ìpín, ẹ yà á, ẹ dúró kó gbẹ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí irin náà ń dún ṣìì, tí èéfín ń yọ, omi tó wà nínú irun ló ń hó yẹn. Ẹ dúró.

Ẹ wo àmì

Ó ti pọ̀ jù tó bá jẹ́ pé:

- irun ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ nígbà tó ti gbẹ
- ó wálẹ̀ pẹlẹbẹ, kò dán mọ́
- ó ń pẹ́ kó tó gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ
- òòyà ń kó nǹkan funfun jáde
- aṣọ ìrọ̀rí ń ní àbààwọ́n epo
- irorẹ́ ń yọ níwájú orí tàbí lọ́rùn

Ó kéré jù tó bá jẹ́ pé:

- òòyà ń há, fọ́nrán kéékèèké sì ń já sílẹ̀
- irun ń dìde gbágbá-gbágbá sókè, ó ń lọ́ mọ́ra
- apá kan rọ̀, apá kan le (èyí sábà máa ń jẹ́ pé ẹ ò pín irun dáadáa)

Tó bá ti di omi pọ̀ ju ọkà lọ

- *Leave-in tàbí ìpara:* ẹ fi omi rin ọwọ́, ẹ fi ọwọ́ náà fà á láti ibi tó pọ̀ lọ síbi tó gbẹ.
- *Jẹ́ẹ̀lì:* ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi aṣọ fúyẹ́ fún un. Aṣọ á mu èyí tó lé.
- *Òróró:* ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ìyẹn ò bá tó, ẹ fi ṣámpú díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó da omi lé e. Ṣámpú á kọ́kọ́ bá epo náà pò. Ẹ rà á, ẹ wá fi omi díẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ sì ṣan án. Omi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dà sí epo á kàn máa yọ́ kúrò lórí rẹ̀ ni.
- *Ìkójọpọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀:* ẹ lo clarifying shampoo, ìyẹn ṣámpú tó ń fọ ìkójọpọ̀ kúrò, lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi kọ́ńdíṣọ́nà tẹ̀ lé e. Ẹ má sọ ọ́ di ti gbogbo ìgbà torí ó ń gbẹ irun.

Ibi tí ojú ò gbọdọ̀ ti díwọ̀n

Gbogbo ohun tí mo ti sọ bọ̀, ẹ lè fi ojú àti ọwọ́ ṣe é. Àwọn wọ̀nyí ò sí nínú rẹ̀:

- Relaxer. Ó lè jó awọ orí. Irun tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ló wà fún, ẹ má fi í kan èyí tẹ́ ẹ ti nà tẹ́lẹ̀. Àkókò tí wọ́n kọ sára páálí ni òfin. Ẹ má fi í sórí tó ní egbò tàbí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ họ. Tó bá ti ń ta yín, ẹ ṣan án kíá, ẹ má fara dà á nítorí pé irun ò tíì nà.
- Dáì irun. Ẹ po ó ní ìdá tí wọ́n kọ sára rẹ̀, bóyá kan sí kan tàbí kan sí méjì. Níbí, kíkéré ló ń bàjẹ́: àwọ̀ á já lójú kan, á pọ̀ lójú kejì. Ẹ fi díẹ̀ sára ní wákàtí 48 ṣáájú, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ara yín máa kọ̀ ọ́.
- Ṣámpú tó ní oògùn, bí èyí tó ní ketoconazole. Ẹ jẹ́ kó wà lórí awọ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ẹni tó fi í sórí tó ṣan án lójú ẹsẹ̀ ti da oògùn nù, bó ti wù kó bù ú tó.
- Minoxidil olómi, oògùn tí wọ́n fi ń mú irun hù. Ìwọ̀n tó sábà máa ń wà lára rẹ̀ ni 1 ml, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Fífi kún un kì í mú irun yá kánkán láti hù, ó lè ṣàn wá sójú kí irun hù síbẹ̀, ó sì lè mú kí ọkàn máa lù kìkì.

Ọmọdé àti irun dídì

Fún ọmọdé, ẹ dá ìwọ̀n àgbàlagbà sí méjì, kẹ́ ẹ tún dín in kù. Ẹ má fi sípíréè tàbí jẹ́ẹ̀lì líle sí i lórí.

Irun tẹ́ ẹ bá dì, awọ orí tó wà láàárín ìlà nìkan ni ṣámpú ń wá. Ẹ po ṣámpú ìdá kan mọ́ omi ìdá mẹ́rin nínú ìgò ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ẹ tú u sí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi orí ìka tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ṣan án dáadáa. Èyí tẹ́ ẹ bá fomi là, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ náà. Omi ti sọ èròjà tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́ di aláìlágbára, kòkòrò lè hù nínú rẹ̀.

Ẹ kọ ọjọ́ sára ìgò

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ìgò tuntun, ẹ fi bírò kọ ọjọ́ náà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìgò ṣámpú 250 ml, tẹ́ ẹ bá ń lo 10 ml lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á fọ orí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́fà. Kọ́ńdíṣọ́nà 250 ml tẹ́ ẹ ń lo 25 ml nínú rẹ̀ á tán ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí irun yín ká tó sì kún, kọ́ńdíṣọ́nà gbọ́dọ̀ máa tán ṣáájú ṣámpú. Tó bá jẹ́ pé ṣámpú ló ń kọ́kọ́ tán nílé yín, ẹ padà lọ ka ìpele kejì àti ìkẹrin níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ ṣámpú.

Ẹ tún wo ara ìgò, ẹ máa rí àwòrán agolo kékeré tó ṣí sílẹ̀, tí wọ́n kọ 6M, 12M tàbí 24M sí. Iye oṣù tó ṣì fi dára lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣí i nìyẹn. Òróró tàbí ìpara tẹ́ ẹ ń lo ẹ̀kán méjì nínú rẹ̀ lè má tíì dé ìdajì nígbà tí oṣù yẹn bá pé, torí náà ìgò kékeré ni kẹ́ ẹ máa rà.